Kọ̀ǹpútà Kò Sọ Pé Kí A Ṣe Sùúrù

Ojú mi ló fọ́. Etí mi kò di, ọpọlọ mi kò sì dàrú. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú Benin yìí ni kò tíì yé. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa pariwo mọ́ mi bí ẹni pé òdì kejì odò ni mo wà. Bí ọkọ mi bá sì dúró tì mí, òun ni wọ́n á bi pé, "Oga, wetin madam want?" Èmi tí mo dúró níbẹ̀, tí owó wà lọ́wọ́ mi, mo ti di ẹrù tí ọkùnrin kan gbé wá.

Olúrẹ̀mí Títíloyè lorúkọ mi. Ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ní GRA ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí àrùn gìlọ́kómà tó jí ojú mi gbé, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Wọn kò lé mi nígbà náà. Wọ́n ní kí n lọ tọ́jú ara mi, pé tábìlì kan wà tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà lórí fóònù, pé iṣẹ́ etí ni, kì í ṣe iṣẹ́ ojú, pé tèmi ni bí mo bá lè kọ́ bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà láìríran. Mo lọ kọ́ ọ. Ètò kan wà tó máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà síni létí. Òǹkàwé ni mo ń pè é. Mo jókòó tì í títí tí ìka mi fi mọ bọ́tìnnì ju bí ojú mi ti mọ̀ wọ́n rí lọ. Ilé ìfowópamọ́ wá dá ọjọ́ fún mi: kí n gbé kọ̀ǹpútà tèmi wá lọ́jọ́ Ajé kan báyìí, kí n ṣe iṣẹ́ náà lójú wọn. Bí mo bá ṣe é, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Bí mi ò bá ṣe é, ilé ni màá jókòó sí, tí màá máa gbọ́ rédíò títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà mi yadi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà náà, ó sì ti ń lọ́ra. Èmi àti ọkọ mi, Gbéminíyì, gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Siluko Road. Ọ̀gbẹ́ni náà fọ inú rẹ̀ mọ́ pátápátá, ó fi Windows mìíràn sí i. Nígbà tí a gbé e délé, ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fọhùn mọ́. Mo tẹ èyí, mo tẹ ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀yin tí ẹ lójú lè má mọ ohun tí èyí jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí kò bá dún, pákó ni lọ́dọ̀ tèmi. Windows pàápàá ní òǹkàwé kékeré kan tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kí ni òǹkàwé fẹ́ fi kàwé nígbà tí kò lẹ́nu?

A padà sí Siluko Road. Ọ̀gbẹ́ni náà kò tilẹ̀ kí mi. Ọkọ mi ló kọjú sí.

"Oga, tell madam say na ordinary driver. Make una download am for house. E go enter."

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi í bóyá ó rò pé mi ò sí níbẹ̀ ni.

"Sorry, ma!" ló kígbe sí mi létí, bí ẹni tó ń pe èrò Auchi ní gáréèjì Aduwawa.

Kò kúkú parọ́. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè fọhùn, dírẹ́bà ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kọ̀ǹpútà lè ní sípíkà tó dára, ṣùgbọ́n bí dírẹ́bà kò bá sí, ó dà bíi mọ́tò tó ní táyà mẹ́rin tí kò sẹ́ni tí yóò wà á. Mo mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Kí ojú mi tó lọ, èmi ni gbogbo ọ́fíìsì wa máa ń pè bí ètò kan bá kọ̀ láti wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì máa ń tẹnu mọ́ fún wọn: ẹ má wá sọ fún mi pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀ fún mi, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe agídí láìsọ ìdí rẹ̀; àwa èèyàn ni a kì í kà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó sídìí tábìlì, ọkọ mi jókòó tì mí láti bá mi fi ojú rẹ̀ wò. Mo fi dátà fóònù mi fún kọ̀ǹpútà náà. Ọkọ mi wá dírẹ́bà yẹn kàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó gbà á sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé.

"Kí ló sọ?" ni mo bi í.

"Ó ní kí a ṣe sùúrù."

A ṣe sùúrù. A ṣe é títí a fi jẹun tán, tí mo fi fọ abọ́. Mo tún bi í.

"Ó ṣì ń gbìyànjú."

"Ó ń gbìyànjú báwo? Ṣé ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń kún díẹ̀díẹ̀ ni?"

"Nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní kó pa kọ̀ǹpútà, kó tún un tàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó tún dírẹ́bà náà gbà lọ́tun, bóyá dátà já lójú ọ̀nà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo ní kó wò ó bóyá àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kó pa ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kòkòrò, nítorí òun náà a máa dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà mìíràn. Mo ní kó fi àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ni ọkọ mi ṣe láìráhùn. Bó bá ti ṣe ọ̀kan tán, màá bi í pé kí ló sọ, ìdáhùn rẹ̀ á sì dùn bí oyin: "Kò burú púpọ̀." "Ó kù díẹ̀." "Ó ní kí a tún gbìyànjú nígbà mìíràn."

"Kọ̀ǹpútà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò burú púpọ̀?"

"Ní ọ̀nà tirẹ̀, Rẹ̀mí."

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kú nínú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní ìjọ wa, Gbéminíyì ni wọ́n ń rán lọ túfọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Kì í wọlé tọ olóòkú kó la ẹnu sọ pé lágbájá ti lọ. Á kọ́kọ́ béèrè omi. Á béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà á ní ara bàbá kò yá díẹ̀, pé wọ́n ní kí ìyàwó máa bọ̀ wá wò ó. Nínú mọ́tò, á ní àwọn dókítà ń sa ipá wọn. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, obìnrin náà á ti mọ̀ fúnra rẹ̀, á ti sunkún díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ẹnu Gbéminíyì ni òun ti gbọ́ ọ. Ẹ̀bùn ni, mi ò bá a jiyàn. Ní ìlú tí ẹbí ẹni kò sí nítòsí, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wúlò. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó wá máa túfọ̀ kọ̀ǹpútà fún mi?

Ní Ọjọ́bọ̀ mo bú jáde. "Bàbá Iṣẹ́olúwa, mi ò ní kí ẹ rẹ̀ mí lẹ́kún. Ìwé ni mo ní kí ẹ kà!"

"Má bínú," ló wí. "Ìbínú kò da nǹkan fúnni. Sùúrù ni baba ìwà."

"Mi ò wá baba ìwà. Dírẹ́bà ni mò ń wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó lọ bu omi mu. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó yadi yẹn, mo ń fi ìka ra ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá eteetí ògiri. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀, ó ń bọ̀ wàrà wàrà, ohun tó ń dí mi lọ́nà sì wà níwájú mi, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà, ọkùnrin tó ka ìwé dé yunifásítì jókòó síwájú rẹ̀, kò sì ṣeé ṣe fún mi láti gbọ́ gbólóhùn kan péré bó ṣe wà. Ẹ wò ó, mo fẹ́ gbá nǹkan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, Gbéminíyì lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Comfort wọlé wá dá ìkòkò tó yá lọ́wọ́ mi padà. Ọmọ Ẹ̀dó ni Comfort, irun ló ń dì níwájú ilé tí a jọ ń gbé ní Aduwawa. Comfort kì í fi aṣọ bo ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ló ti bi mí pé, "Madam, the eye don spoil finish, abi e remain small?" Mo sọ fún un pé ó ti bàjẹ́ tán. Ó ní, "Chai. Sorry o," ó sì ń bá irun tó ń dì lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

"Comfort, abeg, come read wetin dey this computer for me."

"Madam, I no sabi computer o."

"I no say make you sabi am. I say make you read am."

Ó jókòó. Mo ní kó bá mi wá ibi tí dírẹ́bà náà wà, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìgbà tí wọ́n ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"'Installation failed.' Dem put one red X for there. 'This software requires a 64-bit version of Windows. Your computer is running a 32-bit version.' For under, dem write 'Close.' Na only that one you fit press. Dem no even give you choice."

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"E dey talk say make we get patience?"

"Patience for where? Madam, e say e don fail."

Ẹ ò mọ ohun tó ṣe mí. Inú mi dùn, inú bí mi, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Windows oríṣi méjì ló wà, ńlá tí wọ́n ń pè ní 64-bit àti kékeré tí wọ́n ń pè ní 32-bit. Kékeré ni ọ̀gbẹ́ni Siluko Road fi sí i, bóyá kó lè máa yá. Dírẹ́bà tí a sì ti ń tì wọlé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti ńlá ni. Bí a bá tì í títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní wọlé. Kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe sí i ju pé kí a lọ gba ti kékeré. Ká ní ẹnì kan ti ka gbólóhùn yẹn fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni, kí omi tó hó lórí iná ni ǹ bá ti parí rẹ̀. Mo ti wá àyè, mo ti pa á, mo ti tàn án, mo ti lé aṣọ́de ilé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kò sọ.

Mo tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́ bọ́tìnnì Pause, mo ní kí Comfort ka ohun tó bá jáde. Ó kà á: 32-bit, lóòótọ́. Mo dojú kọ̀ǹpútà dé, Comfort ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára ìdí rẹ̀ fún mi. A lọ sójú ìwé àwọn tó ṣe é. Comfort ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pátá, títí kan ìpolówó bàtà, mi ò sì dá a dúró. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ 32-bit sí, mo ní, "Na that one." Ó gbà á sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

"'Installing.' Green line dey move. E reach half. E reach end. 'Completed successfully. Restart your computer.'"

A pa á, a tún un tàn. Mo tẹ àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń jí òǹkàwé Windows. Obìnrin òyìnbó kan tí mi ò mọ̀ rí sì dá mi lóhùn nínú pálọ̀ mi.

Mo bú sẹ́kún. "Ah-ah," ni Comfort wí, "e don work finish, na now you come dey cry?"

Gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo fi kó òǹkàwé tèmi padà sórí kọ̀ǹpútà, fúnra mi, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ìbínú sí ọkọ mi ṣì wà nínú mi, ṣùgbọ́n mo ti ń dárí jì í díẹ̀díẹ̀, torí mo mọ bí inú rẹ̀ ṣe máa dùn tó bó bá gbọ́ ọ. Nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ohùn kọ̀ǹpútà náà sókè. Ó wọlé. Ó dúró. Obìnrin òyìnbó ń ka ọjọ́ Ajé fún un, ọjọ́ àti wákàtí tí mo kọ síbẹ̀ fún ìdánwò mi.

Kò yọ̀. Kò ní "Ẹ ṣé, Olúwa." Ó lọ jókòó sórí àga, àga náà sì dún.

"Rẹ̀mí," ló wí, "ṣé omi tútù wà nílé?"

Mo bu omi fún un.

"Ṣé Iṣẹ́olúwa pè lónìí? Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ta ló kú?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ẹ ti béèrè omi, ẹ ti béèrè ọmọ. Ta ló kú?"

Ó mí kanlẹ̀. "Rẹ̀mí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà."

"Èwo ló ti dí nínú wọn?"

Mi ò ràn án lọ́wọ́ rárá, mi ò sọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà fún un kó lè kàn mi orí sí mi, nítorí mi ò ní rí orí tó bá mì. Ó ní láti fi ẹnu sọ ọ́.

"Akíntáyọ̀ ti fi ẹlòmíràn sídìí tábìlì ẹ̀sùn yẹn."

Akíntáyọ̀ ni ọ̀gá ẹ̀ka ilé ìfowópamọ́ wa. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, èmi ni mo sì kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ọkọ mi wá ń tú u díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi kan, kí a tó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Siluko Road rárá, Akíntáyọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní àwọn ti gba ẹlòmíràn, pé ojú ń ti òun láti sọ fún mi, pé kí Dádì, bó ṣe máa ń pe ọkọ mi, bá àwọn fi ọgbọ́n sọ ọ́.

"Ẹ sì rí ohun tí kọ̀ǹpútà kọ?" ni mo bi í. "Ẹ rí 64, ẹ rí 32?"

"Mo rí i. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti rí i."

"Kí ló dé?"

"Mo rò ó pé bí kọ̀ǹpútà kò bá ṣeé tún ṣe, ìwọ fúnra rẹ lo máa pè wọ́n pé o ò lè wá. Á wá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló kọ̀ ọ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èèyàn."

Ẹ bá mi gbọ́ ọ o. Ọkọ mi jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ méjì, mẹ́ta, ó ń pa kọ̀ǹpútà, ó ń tàn án, ó ń gba dírẹ́bà tó mọ̀ pé kò lè wọlé, ó sì ń jẹ́ kí n máa da ọpọlọ mi láàmú, kí iṣẹ́ mi lè kú ikú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ Gbéminíyì, ẹ̀yin ni mò ń pè é. Ọjọ́ náà ni mo pè é ní ìwọ.

"Ta ló fi ọ́ ṣe aṣọ́nà láàárín èmi àti ayé? Ojú mi ti lọ. Ohun tó kù tí mo fi ń mọ ibi tí mo wà ni ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn. Bí ìwọ bá wá ń fi oyin ra ọ̀rọ̀ yẹn fún mi, òkùnkùn kejì lo tún tì mí sí!"

"Ìfẹ́ ni, Rẹ̀mí. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é."

"Ìfẹ́ wo? Comfort tí kò bá mi tan ló kàwé fún mi!"

A kò sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, a ò sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi ju ẹ kú àárọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo kun àtíkè, mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo ní kó gbé mi lọ sí GRA.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n dá ọjọ́ fún mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún mi pé kí n má wá."

Ó dúró dè mí nínú mọ́tò. Mo fi ọ̀pá mi wọ inú gbọ̀ngàn tí mo mọ̀ dunjú, mo kọjá lára àwọn oníbàárà tó tò, mo jókòó síwájú tábìlì Akíntáyọ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi. Mi ò ki nǹkan kan bọ etí. Mo jẹ́ kó máa dún síta.

"Ah, Mummy, ẹ káàárọ̀, mà," ni Akíntáyọ̀ wí. "Ṣé Dádì ò bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá yín gbé omi tútù wá, mà."

"Mi ò mu omi. Ẹ sọ ọ́."

Ó wúkọ́. Ó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di irọ́. "Mummy, Management feels that, for now, you should take more time to rest."

Ìka mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Obìnrin òyìnbó inú kọ̀ǹpútà sì kà á jáde ketekete sínú gbọ̀ngàn náà: *Management feels that, for now, you should take more time to rest.*

"Kí lẹ ń tẹ̀ yẹn, mà?"

"Iṣẹ́ tí ẹ ní kí n wá ṣe. Mo ní àkántì níbí, ẹ̀sùn oníbàárà ni mò ń gbà sílẹ̀. Ẹ máa bá a lọ. Ṣé kí n fi 'rest' sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín ohùn yẹn kù."

"Akíntáyọ̀, mo kọ́ ọ níṣẹ́. Mi ò kọ́ ọ báyìí. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń kàn lórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "We have given the position to somebody who can see."

Mo tẹ ìyẹn náà, gbogbo rẹ̀, mi ò ṣe àṣìṣe ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà kà á. Ẹnì kan láàárín àwọn tó tò ní, "Ah! Na so una dey do?"

"Ẹ ṣeun," ni mo wí. "Ó ti wọlé."

Mo pa kọ̀ǹpútà mi dé, mo dìde. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ, gbogbo ọ̀nà títí dé ẹnu géètì ló fi ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo rìn ín, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti fà mí lọ́wọ́.

Gbéminíyì ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún mi. "Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹni tó ríran ni wọ́n fi síbẹ̀."

Mo rò pé á ṣíná sí mọ́tò. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń fa imú, ó pẹ́ tó fi ń fà á. Mo jẹ́ kó sunkún tó bó ṣe fẹ́. Nígbà tó dákẹ́, mo kọjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ wà.

"Wò mí. Báwo lojú mi ṣe rí?"

"Ó dára. Ó rí bó ṣe..."

"Gbéminíyì. Ka ohun tó wà níbẹ̀."

Ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ti òsì ti funfun," ló wí nígbẹ̀yìn, "bí ojú ẹja tí a sè. Ti ọ̀tún ń wo ilẹ̀kùn mọ́tò, kò wo ibi tí mo wà. Ìpéǹpéjú rẹ wú." Ó ń bá a lọ. "Àtíkè tí o kùn kò dọ́gba. Ó kó jọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, kò kan èkejì. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe wọ inú báǹkì lọ. Mo rí i kí a tó kúrò nílé."

Mo dúró dè é kó fi ọ̀rọ̀ dídùn kan kún un. Kò fi kún un. Mo na ọwọ́, mo gba áńkáṣíìfù rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú mi, mo sì ní kó sọ fún mi bó bá ti dọ́gba.

"Kò tíì dọ́gba," ló wí.

Mo ń nù ún lọ.